Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà: ẹ bá wa ka IEP àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní gbogbo ìlú tá a wà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà tí ọ̀rọ̀ yín máa ń wọ̀ wá létí,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àbójútó wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tá a kì í sọ ní mítìn. A máa ń sọ ti ìkómọjáde, a máa ń sọ ti òkú tí wọ́n fẹ́ sin nílé, ti owó ẹgbẹ́, ti píkíníìkì, ti ẹni tó ń wá pépà ìgbélùú, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú báàgì ọ̀pọ̀ òbí láàárín wa tí wọn ò lè mú jáde níwájú ẹnikẹ́ni, IEP lorúkọ ẹ̀. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, òun ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí sùkúùlù máa ń kọ fún ọmọ kan ṣoṣo tó bá ní ìpèníjà, bóyá autism ni o, tí kì í jẹ́ kí ìbánisọ̀rọ̀ àti bíbá èèyàn ṣe rọrùn fún ọmọ, bóyá ADHD, tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè jókòó jẹ́ẹ́ tàbí kó fọkàn sí nǹkan pẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ sísọ ló ń nira fún un, bóyá etí tàbí ojú, bóyá ìwé kíkà ni kò wọlé rárá bó ṣe gbọ́n tó. Ọmọ tèmi náà ní in, mo sì ti bá àwọn òbí mìíràn lọ sí mítìn ẹ̀, ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín.

Ohun tí mò ń tọrọ kò le. Ẹ jẹ́ ká máa kọ́ àwọn òbí nínú ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yìí kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, kí ẹgbẹ́ sì máa yan èèyàn tó máa bá wọn lọ.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìyá ọmọ á ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, kò tíì fojú kan oorun, á wọ yàrá kan, á bá èèyàn márùn-ún mẹ́fà tí wọ́n ti jókòó yí tábìlì ká, tíṣà kíláàsì, tíṣà special education tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ, saikọ́lọ́jíìsì sùkúùlù, ẹnì kan láti ọ́fíìsì àgbà. Wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, mi ò ní pé èèyàn burúkú ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fẹ́ràn ọmọ náà tọkàntọkàn. Ẹnì kan á ṣí kọ̀ǹpútà, á máa ka ìwé tó gùn jàn-ànràn jan-anran wéréwéré, LRE, FAPE, ESY, PLAAFP, wọn ò ní ṣàlàyé ọ̀kankan, torí pé àwọn fúnra wọn ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ débi pé etí wọn ò gbọ́ ọ bí ohun tó ṣàjèjì mọ́. Wọ́n á wá bi í pé ṣé ó ní ìbéèrè. Á ní "No ma, thank you." Wọ́n á ti bírò sí i. Odindi ọdún kan nínú ìgbésí ayé ọmọ ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí yẹn o.

Kì í ṣe pé ìyá yẹn ò gbọ́n, òun náà ló ń bójú tó àwọn aláìsàn láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ibi tá a ti wá ni, a gbà pé tíṣà ló mọ̀ ọ́n, òbí tó bá ń bá tíṣà fa ọ̀rọ̀, alárífín ni. Mi ò ní ká ju ọ̀wọ̀ yẹn nù. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, òfin Amẹ́ríkà ò pe òbí ní àlejò. Nígbà tí òfin ń ka àwọn tó gbọ́dọ̀ wà nídìí kíkọ IEP, òbí ló kọ́kọ́ kà, kó tó wá kan tíṣà kíláàsì, tíṣà special education, ẹni tó ń ṣojú ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, àti ẹni tó lè túmọ̀ èsì àyẹ̀wò. Òbí tún láṣẹ láti mú ẹlòmíì tó mọ ọmọ náà dání, yálà ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀, nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé e jáde.

Àwọn òbí ló jà fún òfin yìí. Kó tó dé, sùkúùlù lè sọ fún ìyá ọmọ gbangba pé ọmọ ẹ̀ ò ṣeé kọ́, kó máa mú un lọ sílé, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì máa parí sí. Àwọn òbí ní Pennsylvania àti Washington DC gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n sì ṣẹ́gun ní 1972, nígbà tó di 1975 Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lu òfin tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè, ní 1990 wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí IDEA, wọ́n tún un ṣe ní 2004. Láti ọmọ ọdún 3 títí dé 21 ló kàn, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí ò tíì pé ọdún 3 náà ní ètò tiwọn. Kò sì sí ọ̀rọ̀ pépà nínú ẹ̀ o, mo mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn mìíì ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Supreme Court ti dá a láti 1982 nínú ẹjọ́ Plyler pé sùkúùlù ìjọba ò lè lé ọmọ kankan padà nítorí pé kò ní pépà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé náà fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ibi tí mo máa ń ní kí òbí kọ́kọ́ ṣí ni ibi tí wọ́n ti kọ bí ọmọ ṣe wà báyìí, present levels ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ dáadáa ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ràn àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìwé kíkà ṣì ń nira fún un díẹ̀, inú òbí á dùn pé wọ́n yin ọmọ òun, ṣùgbọ́n kò sóhun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tó ṣeé dì mú. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé lóṣù yìí, tí wọ́n bá fún un ní ìwé kíláàsì kejì tí kò rí rí, ọ̀rọ̀ 38 ló ń kà ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń ṣi 9 kà nínú ẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé ìyẹn yàtọ̀? Ẹni tó bá ka ìyẹn á mọ ibi tí ọmọ dúró sí, tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, á mọ̀ bóyá ó rìn tàbí kò rìn.

Àfojúsùn ọdún náà sì gbọ́dọ̀ wá látinú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. "Á túbọ̀ máa kàwé dáadáa" kì í ṣe àfojúsùn, àdúrà nìyẹn, mo sì ń ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n òfin ní kó ṣeé wọ̀n. Irú èyí tó ṣeé wọ̀n ni pé tó bá fi máa di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, ọmọ á máa ka ọ̀rọ̀ 75 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní ṣì ju 3 lọ, tíṣà special education lá máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì máa fi ripọ́ọ̀tù ránṣẹ́ sílé nígbà tí wọ́n bá ń fi káàdì ripọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Ìbéèrè tí òbí kankan ò gbọ́dọ̀ tijú bi wọ́n ni èyí: "báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣe é, ta ló máa wọ̀n ọ́n, ìgbà wo lẹ máa sọ fún mi?" Tẹ́nu tíṣà ò bá dá lórí ìbéèrè yẹn, a jẹ́ pé àfojúsùn náà ò tíì kọ tán nìyẹn.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kí òbí máa gbé ìwé ọdún tó kọjá dání. Mo bá ìyá kan lọ, a tẹ́ ìwé ọdún yẹn àti ti èṣín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, àfojúsùn ìṣirò ò yàtọ̀, kọ́mà kan ò kúrò níbi tó wà, tá a tún wá ṣí ojú ewé kejì, orúkọ ọmọkùnrin kan tá ò mọ̀ rí la bá níbi tó yẹ kí orúkọ ọmọbìnrin ẹ̀ wà. Ìyá yẹn ò pariwo. Ó kàn fìka lé e, ó ní "Who is this?" Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Ẹni tó ń ka ìwé wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo pépà, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn á pe mítìn mìíràn, wọ́n sì pè é lóòótọ́, ìwé tí wọ́n gbé wá sí mítìn kejì yẹn yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ìṣirò tuntun fún ọmọ náà. Ẹ wò ó, tí kò bá tẹ́ ìwé méjèèjì síta ńkọ́? Ọmọ yẹn á lo odindi ọdún kan sí i lórí ìṣirò tó ti mọ̀.

Lẹ́yìn àfojúsùn ló kan iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe fún ọmọ. Ibí lowó ìjọba wà, ibí náà ni wọ́n ti máa ń rọra sọ ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò mọ́lẹ̀. Òfin ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà, ibi tí wọ́n ti máa ṣe é, àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Tí wọ́n bá kọ "as needed" sílẹ̀, kí òbí bèèrè pé ta ló máa pinnu pé ó ti nílò ẹ̀. Bóyá ọmọ nìkan ni àbí òun àti àwọn márùn-ún mìíì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kọ ọ́. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, lórí pépà ọ̀rọ̀ kan péré ló yà wọ́n, ojú tí oorun ń kùn á fò ó. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ lè fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kí wọ́n má sì tètè rí ẹlòmíì, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, kí òbí bèèrè bí wọ́n ṣe máa dí i fún ọmọ. Bọ́ọ̀sì náà lè wà nínú ẹ̀ tí ọmọ bá nílò ẹ̀, ẹ̀kọ́ àsìkò họlidé náà lè wà nínú ẹ̀ fún ọmọ tó bá jẹ́ pé tó bá ti jókòó sílé, gbogbo ohun tó kọ́ á jò dànù, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ESY.

Ibi tí ọmọ á ti máa kẹ́kọ̀ọ́ náà ńkọ́? Òfin fẹ́ kí ọmọ wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ débi tó bá ṣeé ṣe dé, tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ò lè kọ́kọ́ yan kíláàsì kí wọ́n tó wá mọ ohun tí ọmọ nílò. Kí òbí sì bèèrè ọ̀rọ̀ díplómà láti kékeré, má dúró dìgbà tó bá dé kíláàsì kejìlá. Oríṣi ìdánwò kan wà fún àwọn ọmọ tí ìpèníjà wọn le gan-an, ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ọmọ tó bá wà lójú ọ̀nà yẹn lè parí pẹ̀lú sátífíkéètì tí kì í ṣe díplómà. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún òbí, ṣùgbọ́n inú gbólóhùn kan lójú ewé kan ni wọ́n lè ti sọ ọ́, tí òbí á gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé òun gbọ́ ọ.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ti ìjìyà. Tí wọ́n bá ń lé ọmọ tó ní IEP wálé, tó bá ti ju ọjọ́ sùkúùlù 10 lọ léraléra, tàbí tí àpapọ̀ ẹ̀ ti ju 10 lọ lọ́dún kan tó sì ti ń di àṣà, wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú òbí wo bóyá ìpèníjà ọmọ náà ló fa ohun tó ṣe, bóyá sùkúùlù ni kò sì tẹ̀ lé IEP. Àwọn ọmọ dúdú ni wọ́n ń lé wálé jù, àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fóònù tí wọ́n máa ń pè lágogo mọ́kànlá pé ẹ wá mú ọmọ yín o, inú ẹ̀ ò dùn lónìí, kí òbí máa kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, torí pé wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ bíi lílé wálé, bẹ́ẹ̀ lílé wálé ni.

Ní ti ìbuwọ́lù. IEP àkọ́kọ́ pátápátá, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, tí òbí ò bá buwọ́ lu ti ọdún tuntun, tí kò sì sọ nǹkan kan, ètò tuntun máa bẹ̀rẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú òfin yìí. Kò sí ẹni tó lè fi dandan mú òbí buwọ́ lùwé nínú yàrá yẹn. Kó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kan, ọ̀fẹ́ ni, òun á mú un lọ sílé lọ kà. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé ìbuwọ́lù tí wọ́n ń gbà lójú ewé àkọ́kọ́, pé òbí wá sí mítìn ni, kì í ṣe pé ó gbà, kó bèèrè kó tó fọwọ́ kan bírò. Tí ohun kan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó sọ ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà. Tó bá bèèrè nǹkan tí wọ́n ní rárá, kó ní kí wọ́n fún òun ní prior written notice, ìyẹn ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ̀ àti ohun tí wọ́n gbé e kà. Mo ti rí i tí "rárá" tí wọ́n fẹnu sọ yí padà nígbà tí wọ́n mọ̀ pé àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò sí dandan kó dọ́dọọdún kí mítìn tó wáyé. Lóòótọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ wo IEP lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́dún, kí wọ́n sì tún ọmọ yẹ̀ wò ó kéré tán lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n òbí lè ní kí wọ́n pe mítìn nígbàkígbà. Ó lè bèèrè fáìlì ọmọ ẹ̀ látòkèdélẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rí i kí mítìn tó wáyé, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 45. Tí àyẹ̀wò tí sùkúùlù ṣe ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè ní kí ẹlòmíì tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ṣe é, kí sùkúùlù sanwó ẹ̀, tí wọn ò bá sì fẹ́ san án, àwọn ló máa gbé ara wọn lọ síwájú onídàájọ́ lọ ṣàlàyé pé tiwọn dáa. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá le, ó lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ láàárín ọdún kan tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, kò nílò lọ́yà, ọjọ́ 60 ni wọ́n ní láti dá a lóhùn. Kò sì sí ìpínlẹ̀ tí ò ní ibi tí wọ́n ń pè ní Parent Training and Information Center, ìjọba àpapọ̀ ló ń fún wọn lówó, wọ́n máa ń bá òbí ka IEP lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíì á tiẹ̀ tẹ̀ lé e dé mítìn. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ó wà? Kí ẹgbẹ́ kàn wá nọ́ńbà ti ìpínlẹ̀ wa kó sì fi sórí WhatsApp, ìyẹn nìkan ti tó ìrànlọ́wọ́ ńlá.

Tí wọ́n bá sọ fún òbí pé ọmọ ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, kó mójú tó díẹ̀díẹ̀ yẹn. Ní 2017 Supreme Court dá ẹjọ́ ọmọ kan tó ní autism ní Colorado, Endrew F. lorúkọ ẹjọ́ náà, gbogbo adájọ́ ló fohùn ṣọ̀kan pé ìtẹ̀síwájú bíńtín tó kàn ju òdo lọ ò tó, ètò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ lè fi tẹ̀ síwájú dáadáa bí ipò ẹ̀ bá ṣe rí. Òbí tó bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú mítìn, wọ́n á mọ̀ pé ó ti kàwé wá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èdè, èyí tó ń dùn mí jù. Àwọn kan á ní ọmọ Nàìjíríà ni yín, ẹ gbọ́ òyìnbó, kí lẹ fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe? Òfin ní kí sùkúùlù ṣe ohun tó bá yẹ kí òbí lè lóye ohun tí wọ́n ń sọ ní mítìn, títí kan ògbufọ̀ fún ẹni tí èdè abínibí ẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Màmá tó wá láti ilé wá tọ́ ọmọ ọmọ ẹ̀ tó sì jẹ́ pé òun ni ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, bàbá tó gbọ́ òyìnbó ibi iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ òyìnbó saikọ́lọ́jíìsì, ẹ̀tọ́ wọn ni láti gbọ́ ọ ní Yorùbá. Kí wọ́n fi ímeèlì bèèrè ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ mítìn, kí wọ́n má sì fi ọmọ àgbà tó wà ní háísùkúù ṣe ògbufọ̀ fún àbúrò ẹ̀, ẹrù yẹn ti wúwo jù fún un.

Àwọn kan á sì ní ẹ yéé sọ Yorùbá fún ọmọ náà, òun ló ń dà á lórí rú. Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí ẹ̀, títí kan ti àwọn ọmọ tó ní autism, ò rí i pé èdè méjì ló ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tí ìyá àgbà ẹ̀ ń fi Yorùbá rẹ̀ lẹ́kún, tẹ́ ẹ bá gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀? Lọ́wọ́ kejì, ẹ máa ṣọ́ra, kí wọ́n má fi ohùn Yorùbá ṣe àìsàn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, a ò sì ní ohùn "th" lédè wa, ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ nílé lè máa pe Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tiwa, ìyẹn yàtọ̀ sí ọmọ tí ọ̀rọ̀ sísọ ń nira fún lédè méjèèjì. Òfin ní wọn ò lè ka ọmọ mọ́ àwọn tó ní ìpèníjà torí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nìkan, èdè tí ọmọ gbọ́ ló sì yẹ kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Òbí gbọ́dọ̀ sọ èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kò sì gbọ́dọ̀ tijú.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìtìjú ló ń pa ìwé yìí mọ́ sínú báàgì. Ìyá kan á mú ọmọ wá sí pátì, ọmọ á dì etí torí ariwo sípíkà, á bọ́ sábẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn ni ẹ̀ẹ́ gbọ́ tí wọ́n á ní ìyá ẹ̀ ti kẹ́ ẹ bà jẹ́, kó nà án, tàbí kí wọ́n ní kó gbé e lọ fún ìdáǹdè. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àwọn ọkùnrin ilé wọn máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún á máa lọ. Mi ò sọ pé ẹ má gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n kí pásítọ̀ àti ààfáà tó ń gbàdúrà náà sọ fún òbí pé kó kọ̀wé sí sùkúùlù pé òun fẹ́ kí wọ́n yẹ ọmọ òun wò, torí pé tí òbí bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tó sì buwọ́ lu ìwé pé òun gbà kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká nìyẹn, ọjọ́ 60 ni òfin àpapọ̀ fún wọn láti parí àyẹ̀wò bí ìpínlẹ̀ ò bá ní iye ọjọ́ tiẹ̀, tí wọ́n bá sì rí i pé ó tọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ pe mítìn IEP láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tó ń fẹnu sọ ọ́ fún tíṣà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sí ọjọ́ kankan tó ń ká fún un.

Ẹgbẹ́ wa ò ṣaláìní èèyàn. Àwọn tíṣà special education wà láàárín wa, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn lọ́yà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì, tó jẹ́ pé àwọn ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jù. Ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn tó bá gbà. Ẹ fún wa ní wákàtí kan nínú mítìn oṣù, kí òbí tó bá fẹ́ mú ìwé ọmọ ẹ̀ wá, kó fi bébà bo orúkọ ọmọ tó bá fẹ́, ká jọ kà á, kẹ́nikẹ́ni má sì gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde. Tí òbí bá ní mítìn, kí ẹnì kan bá a lọ, kó kàn jókòó tì í, kó máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tíyẹn ń ṣe fún òbí tó jẹ́ òun nìkan ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì.

Ọ̀pọ̀ sùkúùlù máa ń kó mítìn IEP wọn jọ láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, lẹ́tà ìpè á ti máa dé báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá yàn tí kò bá sì bá òbí lára mu, ó lè ní kí wọ́n yí i. Mo ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí àjẹ́ńdà mítìn tó ń bọ̀, kó má wà lábẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn" nísàlẹ̀ tí gbogbo èèyàn á ti máa kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Èmi á wá, màá mú ìwé ọmọ tèmi dání, òun la sì máa kọ́kọ́ kà.

Èmi ni tiyín, òbí kan nínú ẹgbẹ́.